Ọkọ̀ Tí A Dúró Dè fún Oṣù Mẹ́rìnlá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ẹ sábà máa ń gbọ́ láti orí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rírà ni. Ṣùgbọ́n ìdílé tí ó bá ti ra ọkọ̀ rí mọ̀ pé, yàtọ̀ sí ilé, ohun tí ń gba owó lọ́wọ́ ẹni bí ọkọ̀ kò wọ́pọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kò sí ìgbà tí ìwà ènìyàn ń tètè hàn tó ìgbà tí ohun tí ó ń wá bá wọ́n, tí àwọn tí ń wá a sì pọ̀.

Àwọn ará wa tó wà nílé a máa rò pé ní Amẹ́ríkà, ẹni tí owó bá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ohun tí yóò dúró dè. Ní ti ọkọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ènìyàn lè wọ ọgbà àwọn tí ń ta ọkọ̀ ní àárọ̀, kí ó sì wa èyí tí ó wù ú lọ sílé kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2021 títí wọ ọdún 2023, nǹkan yí padà. Ọgbà tí ọkọ̀ tuntun máa ń kún fọ́fọ́ di òfìfo. Ẹni tí ó bá ń wá ọkọ̀ háíbíríìdì ni ọ̀rọ̀ náà le fún jù. Yóò kọ orúkọ sílẹ̀, yóò san owó àsansílẹ̀, yóò sì padà sílé lọ máa ka oṣù. Àwa àti ìyá àwọn ọmọ wa, níhìn-ín ní Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, wà lára àwọn tó kọ orúkọ. Oṣù 14 ni a fi dúró. Ọ̀pọ̀ ìdílé nínú ìjọ ló ti bi wá léèrè bí ó ti lọ, ìbéèrè wọn sì ju ti ọkọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́ sílẹ̀.

KÍ NI HÁÍBÍRÍÌDÌ?

Fún àǹfààní àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n, háíbíríìdì ni ọkọ̀ tí agbára méjì ń gbé rìn. Ó ní ẹ́ńjìnnì tí ń lo epo pẹtiróòlù, ó sì tún ní ẹ̀rọ tí ń lo iná mànàmáná láti inú bátìrì ńlá kan. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra lọ, ẹ̀rọ iná lè dá gbé e. Nígbà tí ó bá ń sáré tàbí tí ó ń gun òkè, àwọn méjèèjì a ran ara wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ó bá dúró níbi iná ojú pópó, ẹ́ńjìnnì lè kú, kí ó sì tún jí fúnra rẹ̀.

Níbi bíréèkì ni ọgbọ́n rẹ̀ wà jù. Nínú ọkọ̀ tí a ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́, bí a bá tẹ bíréèkì, agbára tí ọkọ̀ fi ń sáré a di ooru, a sì ṣòfò. Nínú háíbíríìdì, ẹ̀rọ iná a gba púpọ̀ nínú agbára yẹn padà, a sì dá a padà sínú bátìrì. Nítorí náà, irú èyí tí à ń sọ yìí kò nílò kí a fi wáyà so ó mọ́ iná ilé. Inú ìlú tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà gan-an ni ó ti ń dá owó epo sí jù.

Ilé iṣẹ́ Toyota gbé Prius jáde fún títà ní ilẹ̀ Jàpáànì ní oṣù Kejìlá ọdún 1997. Ní ọdún 2000, ó dé Amẹ́ríkà. Èyí tí ó kan ìdílé wa ni Sienna, ọkọ̀ tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà mọ̀ dáadáa, nítorí òun ló ń kó èrò láti ìlú dé ìlú níbẹ̀. Láti ti ọdún 2021, háíbíríìdì nìkan ni wọ́n ń ṣe Sienna tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó bá fẹ́ tuntun kò ní òmíràn tí yóò mú.

OHUN TÓ FA Ọ̀WỌ́N

Ọ̀wọ́n náà kò ti ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo wá. Ọkọ̀ òde òní kún fún ṣíìpù, àwọn ohun kékeré bí èékánná tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Ó wà nínú ẹ́ńjìnnì, ó wà nínú bíréèkì, ó wà nínú ilẹ̀kùn, títí dé inú kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ fagi lé ọ̀pọ̀ ṣíìpù tí wọ́n ti béèrè fún, nítorí wọ́n rò pé ọjà ọkọ̀ yóò kú. Àwọn tí ń ṣe ṣíìpù kò káwọ́ gbera. Wọ́n yíjú sí ti kọ̀ǹpútà àti ti tẹlifóònù, nítorí gbogbo ayé ti jókòó sílé. Kò pẹ́, àwọn ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀. Nígbà tí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ padà dé láti béèrè ṣíìpù, wọ́n bá àwọn mìíràn níwájú wọn lórí ìlà.

Ibi tí a ti ń wá ojútùú ni òtútù burúkú ti jà ní Texas ní oṣù Kejì ọdún 2021. Àwa tí a ń gbé ibẹ̀ kò lè gbàgbé rẹ̀. Iná lọ, páìpù bẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹ̀mí sì ṣòfò. Òtútù yìí kan náà ló ti àwọn ilé iṣẹ́ ṣíìpù tó wà ní ìlú Austin pa. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta ọdún náà, iná tún jó ilé iṣẹ́ ṣíìpù Renesas tó wà ní Naka ní Jàpáànì, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ gbójú lé. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹsàn-án, Toyota dín iye ọkọ̀ tí ó ti pinnu láti ṣe ní oṣù náà jákèjádò ayé kù ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ epo. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, epo pẹtiróòlù kọjá $5 fún gálọ́ọ̀nù kan, bí a bá pín in dọ́gba jákèjádò Amẹ́ríkà, èyí tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tí kò ronú kan háíbíríìdì tẹ́lẹ̀ wá ń sáré kiri nítorí rẹ̀. Ọkọ̀ dín, olùwá pọ̀.

A MÚ ÌWÉ ÀTI BÍRÒ

Ọkọ̀ wa àtijọ́ jẹ́ Sienna ti ọdún 2008, ó sì ti rin ju máìlì 230,000 lọ. A kò fi í ṣe fàájì. Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó ń kó ìyá àgbà mẹ́fà wá sí ìsìn, àwọn tí ọmọ wọn mú wá sí òkè òkun, tí wọn kò lè wa ọkọ̀, tí bọ́ọ̀sì kò sì dé àdúgbò wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀, ìyá àwọn ọmọ wa ló ń wà á lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ṣí mọ́ àfi kí a fi èjìká tì í, a mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

A jókòó, a ṣírò. Ọkọ̀ àtijọ́ ń rin nǹkan bí máìlì 20 lórí gálọ́ọ̀nù epo kan. Tuntun, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí ìjọba ṣe, ń rin 36. Ìrìn wa lọ́dún jẹ́ nǹkan bí máìlì 15,000. Èyí ni gálọ́ọ̀nù 750 fún ti àtijọ́, àti nǹkan bí 417 fún tuntun. Gálọ́ọ̀nù 333 ni yóò ṣẹ́kù fún wa lọ́dọọdún. Bí gálọ́ọ̀nù kan bá jẹ́ $3, nǹkan bí $1,000 nìyẹn lọ́dún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yìí sọ́kàn.

Ní Texas, òfin kò gba ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ láyè láti tà á fún ènìyàn ní tààrà. Ọ̀dọ̀ oníṣòwò tí ó gba àṣẹ ni a ó lọ. Lára fèrèsé ọkọ̀ tuntun, ẹ ó rí ìwé kan tí òfin ọdún 1958 pa láṣẹ, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Sẹ́nétọ̀ Mike Monroney pè. Iye tí ilé iṣẹ́ dá lé ọkọ̀ wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin náà kò fi dandan lé e pé iye yẹn ni kí oníṣòwò gbà. Ní àkókò ọ̀wọ́n yìí, ọ̀pọ̀ wọn lẹ ìwé tiwọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: $3,000 lé, $5,000 lé, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá mú ìṣirò àkọ́kọ́ wá. Bí oníṣòwò bá fi $5,000 lé iye ọkọ̀, owó epo ọdún márùn-ún tí a ní a óò dá sí ti wọ àpò rẹ̀ kí a tó tan ọkọ̀ náà. Ohun tí a ní a fẹ́ fi dín ìnáwó kù ti di ìnáwó fúnra rẹ̀.

A pe oníṣòwò mẹ́sàn-án lórí tẹlifóònù. Àwọn méje ló fi owó lé e. Ẹnì kan kò fẹ́ kọ ohunkóhun sílẹ̀ fún wa. Ẹnì kẹsàn-án ní iye tó wà lára fèrèsé ni òun yóò gbà, ṣùgbọ́n ènìyàn 22 ló wà níwájú wa. A san $500 àsansílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé a lè gbà á padà bí a bá yí ọkàn padà, a sì di ẹni 23. Oṣù Kẹta ọdún 2022 nìyẹn. Wọ́n ní kí a máa retí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ.

ÌPÈ ALẸ́ ỌJỌ́ KAN

Oṣù mẹ́jọ pé, ọkọ̀ kò dé. A ti sún mọ́ iwájú, a ti di ẹni karùn-ún. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bá wọn ta ọkọ̀ pè wá. Ó ní Sienna kan ti wà lọ́nà, yóò dé láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ẹni tí ó ni í kò tíì mú ìwé báńkì rẹ̀ wá. Bí a bá lè fi $3,000 lé iye rẹ̀, òun yóò yí orúkọ padà kí ilẹ̀ tó mọ́.

A kò ní purọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ náà dùn létí wa. $3,000 kéré sí ohun tí púpọ̀ nínú àwọn mìíràn ń gbà. Àsìkò òtútù ti ń bọ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ ti ń pariwo lábẹ́. Èlé owó yíyá sì ń gòkè lóṣooṣù.

Ìpàdé ilé wà ní alẹ́ ọjọ́ náà, nítorí náà àwọn ará tó wà lọ́dọ̀ wa gbọ́ ọ. Inú wọn dùn fún wa. Ẹnì kan fò sókè, ó ní, “Bàbá, ojúrere rèé o! Ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.” Ẹlòmíràn ní, “Olúwa ló fi ẹni yẹn sẹ́yìn kí ẹ̀yin lè bọ́ síwájú.” Wọ́n fẹ́ràn wa ni wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀, a kò sì bá wọn wí níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ìyá àwọn ọmọ wa ń kó ife, ó sì sọ̀rọ̀ láìgbójú sókè: “Bàbá wọn, ẹni tó wà níwájú wa yẹn, ṣé òun kì í gbàdúrà ni? Bó bá jẹ́ àwa ni wọ́n ṣe báyìí sí, kí la ó máa pè é?”

A sun orí ọ̀rọ̀ náà. Ní àárọ̀, a pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà, a sì béèrè ohun méjì. Èkíní, kí ó pe ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà, kí a sì rí i nínú ìwé pé ó ti yọ̀ǹda rẹ̀. Èkejì, bí ó bá ti yọ̀ǹda rẹ̀, kí wọ́n fi lọ àwọn tó ṣẹ́kù níwájú wa ní ẹsẹẹsẹ. Bí ó bá kàn wá, a óò rà á ní iye tó wà lára fèrèsé. A wí fún un pé, “Bí ipò náà bá ti kàn wá, kí ni $3,000 wà fún? Bí kò bá sì tíì kàn wá, kí ni ẹ fẹ́ tà fún wa?” Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. Ó ní òun yóò padà pè wá. Kò pè. A ṣì jẹ́ ẹni karùn-ún.

Títí di òní, a kò mọ ẹni tó wà níwájú wa náà. A kò mọ̀ bóyá ó rí ọkọ̀ rẹ̀ gbà tàbí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn. Ohun tí a mọ̀ ni pé kì í ṣe àwa ni a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ OJÚRERE?

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó jẹ wá lógún tí a fi ń kọ̀wé. Ní ọdún 1994, nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, epo wọ́n gidigidi ní Nàìjíríà. Àwa ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a máa gbé kẹ́ẹ̀gì lọ tò sórí ìlà, a ó sun ibẹ̀ mọ́jú. Gbogbo ẹni tó gbé ayé ìgbà náà mọ bí ó ti máa ń rí. Ẹnì kan yóò kàn wọlé láti ẹ̀yìn, yóò bá ẹni tí ń ta epo sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, epo yóò sì wọ inú ọkọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí a kò mọ̀ ló ṣe é, gbogbo ìlà a ké pé ó ń ṣọ́ńtì, ó ń rẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n ẹni náà, nígbà tó bá dé ilé, lè jẹ́rìí pé òun rí ojúrere. Ohun kan náà ni. Ibi tí a dúró sí lórí ìlà ló fún un ní orúkọ méjì.

Ẹ rántí aláìsàn tó wà lẹ́bàá adágún Betesda. Ọdún 38 ni ó ti wà nínú àìlera. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ni pé bí omi bá ti rú, ẹlòmíràn a ti ṣáájú rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Àwa oníwàásù a máa fi ìtàn yìí kọ́ni nípa ojúrere, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Jésù kò ti ẹnikẹ́ni sẹ́yìn kí ọkùnrin yìí lè kọ́kọ́ dé inú omi. Kò tilẹ̀ gbé e dé etí omi rárá. Ibi tí ó dùbúlẹ̀ sí ni ó ti wò ó sàn. Kò sí aláìsàn kan níbẹ̀ tí ó pàdánù àyè rẹ̀ nítorí ojúrere tí ọkùnrin yìí rí.

Nítorí náà, bí ohun rere kan bá dé ọwọ́ wa, tí a fẹ́ jẹ́rìí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni ó ti jáde kúrò ní ipò rẹ̀ kí èyí tó lè dé ọ̀dọ̀ wa? Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́. Bí ó bá wà, ẹ jẹ́ kí a wá orúkọ mìíràn fún un.

OHUN TÍ DÍDÚRÓ GBÀ LỌ́WỌ́ WA

Ẹ má rò pé lọ́jọ́ kejì tí a kọ̀ ni ọkọ̀ dé pẹ̀lú orin. Ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ọdún 2022, òtútù líle tún mú Texas. Ọkọ̀ àtijọ́ kọ̀, kò jí. Nígbà tí mẹkáníìkì tú u, jíà rẹ̀ ló ti bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì kéré. Àwọn ìyá àgbà kò rí ọ̀nà wá sí ìsìn Kérésìmesì. Ìyá àwọn ọmọ wa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, yóò sì tún fi ẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ nínú òkùnkùn. Àwọn arákùnrin méjì nínú ìjọ ló gbà á ṣe láti máa gbé e padà ní ìdájí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ èlé tún wà níbẹ̀. Láàárín oṣù Kẹta ọdún 2022 sí oṣù Kárùn-ún ọdún 2023, báńkì àgbà ìjọba Amẹ́ríkà gbé èlé rẹ̀ sókè ní ìgbà mẹ́wàá. Nígbà tí a kọ orúkọ sílẹ̀, báńkì wa ní èlé ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn yóò gbà. Nígbà tí ọkọ̀ dé, ó ti di ìdá 7. Lórí $30,000 tí a fẹ́ san láàárín ọdún márùn-ún, owó oṣù kan kúrò ní nǹkan bí $552, ó di $594. Bí a bá ṣírò rẹ̀ dé òpin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $2,500.

Arákùnrin kan tó mọ ìṣirò fi èyí hàn wá lórí ìwé. Ó ní, “Pásítọ̀, $3,000 tí ẹ ń sá fún nìyí o, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san án tán.” Òótọ́ ni ó sọ, a kò bá a jiyàn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé $2,500 yìí, àwa ni a ru ú. Bí a bá san $3,000 nínú oṣù Kọkànlá, ẹlòmíràn ni ìbá ru dídúró náà fún wa. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Bí a bá ń sọ fún wọn pé ìwà òtítọ́ ní èrè owó nígbà gbogbo, ọjọ́ tí kò bá pa owó, wọn óò jù ú sílẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń náni lówó, ó sì tọ́ kí a san án.

Ọkọ̀ dé nínú oṣù Kárùn-ún ọdún 2023. Funfun ni a béèrè, pupa rẹ́súrẹ́sú ni ó wá. Iye tó wà lára fèrèsé ni wọ́n gbà, pẹ̀lú owó orí àti ti ìwé ọkọ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, a dúró níbi iná ojú pópó, ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà fọwọ́ bà wá léjìká láti ẹ̀yìn, ó ní, “Pásítọ̀, ọkọ̀ tuntun yín ti kú o!” Gbogbo wọn ti ń wá ọ̀nà àtisọ̀kalẹ̀ kí a tó ṣàlàyé.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÌDÍLÉ

1. Ẹ ṣírò kí ẹ tó fẹ́ràn. Tọkọtaya ni kí ó jọ ṣe é, pẹ̀lú iye máìlì tí ẹ ń rìn gan-an àti iye tí epo jẹ́ ládùúgbò yín. Ẹni tí kì í rìn púpọ̀ lè má rí èrè kankan nínú háíbíríìdì tí wọ́n fi owó lé.

2. Ẹ béèrè gbogbo iye tí ẹ ó san títí ọkọ̀ yóò fi jáde kúrò nínú ọgbà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn kan yóò ní àwọn kò fi owó lé e, ṣùgbọ́n wọn óò fi dandan ta kápẹ́ẹ̀tì, ọ̀dà ìdáàbòbò àti oríṣiríṣi nǹkan mọ́ ọn.

3. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ rí i nínú ìwé pé ẹ lè gbà á padà. Ẹ má sì fi orúkọ sílẹ̀ níbi márùn-ún kí ẹ gbàgbé mẹ́rin. Bí ẹ bá ti rí ọkọ̀ níbì kan, ẹ pe àwọn tó kù kí wọ́n yọ orúkọ yín. Orúkọ tí kò ní olówó lẹ́yìn mọ́ ń mú kí ìlà gùn fún àwọn ẹlòmíràn lásán.

4. Ẹ má ta ọkọ̀ àtijọ́ kí kọ́kọ́rọ́ tuntun tó wà lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ tí wọ́n dá kì í sábà jẹ́ ọjọ́ tí ó ń dé.

5. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì yín iye ọjọ́ tí èlé tí wọ́n ṣèlérí yóò fi dúró. Bí dídúró bá pẹ́, ẹ tún ìṣirò ṣe. Bí owó oṣù bá ti ju agbára yín lọ, ẹ gba àsansílẹ̀ yín padà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

6. Ní ti bátìrì tí ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, Toyota ṣe onígbọ̀wọ́ fún bátìrì háíbíríìdì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ti ọdún 2020 fún ọdún 10 tàbí máìlì 150,000, èyíkéyìí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Ẹ̀yin ará wa ní Nàìjíríà tí ẹ ń ra Tòkunbọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí owó epo ti gòkè ní ọdún 2023, ẹ má gbára lé onígbọ̀wọ́ yìí. Kò bá ọkọ̀ sọdá òkun. Ẹ mú ẹni tó mọ iṣẹ́ háíbíríìdì dání kí ó yẹ bátìrì wò kí ẹ tó sanwó, nítorí pípààrọ̀ rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré.

7. Bí wọ́n bá pè yín pé àyè ẹlòmíràn wà fún títà, ẹ má dá èsì fọhùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ jókòó ti aya tàbí ọkọ yín, kí ẹ sì béèrè ìbéèrè tí ìyá àwọn ọmọ wa béèrè.

Ọ̀wọ́n ọkọ̀ yẹn ti rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n òmíràn yóò dé. Ó lè jẹ́ ti epo, ó lè jẹ́ ti àyè ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, ó lè jẹ́ ti ìwé ìrìnnà tàbí ti bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn. Níbikíbi tí ohun kò bá ti kárí, ìlà yóò wà; ẹnì kan yóò sì wà níwájú wa tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní sùúrù láti dúró sí ipò wa, kí ó sì pèsè fún ẹni náà ṣáájú wa. Àmín.